Ta ló ti gbá gọ́ọ̀fù ní Furnace Creek rí? Pápá tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín aṣálẹ̀ Death Valley

AdéVegas:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù Kejìlá, gọ́ọ̀fù ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀, bí wọn ò bá dé pápá ní Sátidé orí á máa fọ́ wọn ni. Mo ti wo pápá méjì mẹ́ta sílẹ̀ fún wọn níbí ní Las Vegas, àfi bí ẹ̀gbọ́n àgbà ṣe pè lánàá tí wọ́n ní Furnace Creek làwọn fẹ́, pé àwọn kà á pé kò sí pápá gọ́ọ̀fù tó rẹlẹ̀ tó o ní gbogbo ayé, ẹsẹ̀ bàtà 214 nísàlẹ̀ ojú òkun, ìyẹn bíi mítà 65. Inú Death Valley ní California ló wà, láti ọ̀dọ̀ mi síbẹ̀ á gbà tó wákàtí méjì àti díẹ̀.

Mo ti wa mọ́tò kọjá níbẹ̀ rí ṣùgbọ́n mi ò yà. Ohun tí mo rí ni ilẹ̀ gbalasa, iyọ̀, òkúta, eruku, kò sí nǹkan kan, ká tó wí ká tó fọ̀ koríko tútù yọ lójijì bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kò sí gegele. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé wọ́n ń gba gbogbo èèyàn láyè níbẹ̀ àbí ó dìgbà téèyàn bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́? Ṣé pápá tó tẹ́jú báyẹn ò ní sú wọn? Àti pé ṣé ooru ò ní pa àwọn bàbá yìí mọ́ mi lọ́wọ́, torí orúkọ ibẹ̀ nìkan ti ń bà mí lẹ́rù.

ÌyáTọ́pẹ́_Phoenix:
Adé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lówó lọ́wọ́ ló lè gbá níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ ṣáà ti pè sílẹ̀ kí wọ́n fún yín ní àkókò. Ihò 18 ni, par 70, ìyẹn ni pé ìgbá 70 ló yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá fi parí ẹ̀.

Ooru kẹ̀? Lóṣù Kejìlá? Otútù ni kí ẹ bá wọn sọ! Ooru tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ yẹn, ti oṣù Keje ni, ìgbà yẹn ni ọ̀sán máa ń wà ní bíi 47 Celsius, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ka 56.7 lọ́jọ́ 10 oṣù Keje 1913, títí dòní ìyẹn náà ló ṣì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ooru tó ga jù láyé. Ṣùgbọ́n ní December, ọ̀sán ò fi bẹ́ẹ̀ ju 18 lọ, ìdájí á sì lọ sílẹ̀ dé bíi 4. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn bọ̀ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé jáde láago méje àárọ̀, eyín ẹ̀ á máa lu ara wọn ni. Kí wọ́n mú súwẹ́tà o.

Ti pé ó tẹ́jú yẹn, màá padà wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ibi iṣẹ́ ni mo ń sáré lọ báyìí.

Ọmọ_Afọ̀njá:
Ẹ má bínú o ẹ̀yin onígọ́ọ̀fù, èmi kì í gbá a, mo kàn ń kọjá lọ ni mo rí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ó yé yín bó ṣe ń dún létí ẹlòmíì? Aṣálẹ̀! Ibi tó jẹ́ pé òjò ọdún kan gbáko ò ju nǹkan bíi mílímítà 50 lọ, ẹ wá lọ gbin koríko síbẹ̀, ẹ ń bomi rin ín tọ̀sán tòru kí àwọn alágbà tó níkùn lè máa lé bọ́ọ̀lù kékeré kiri. Ládùúgbò wa nílé, ọwọ́ mẹ́ruwà la ṣì ti ń ra omi tí wọ́n fi ọmọlanke tì wá, gáláọ̀nù gáláọ̀nù, àwọn kan wá wà tí wọ́n ń da omi sórí iyanrìn. Kó tún wá jẹ́ pé ilẹ̀ ọ̀hún tẹ́jú, kí wá ni adùn ẹ̀? Ẹ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ rìn tọ̀ ọ́, ẹ tún gbá a, ẹ tún rìn. Ó tán.

Bàbá_Olómi:
Ọmọ Afọ̀njá, mi ò ní bá yín jà, inú tó ń bí yín nídìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí, torí iṣẹ́ omi ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ní Nevada níbí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Omi Furnace Creek kì í ṣe ti odò Colorado, wọn ò fi páìpù fà á láti ìlú ẹnì kankan. Orísun omi wà lókè ibẹ̀, Travertine Springs àti Texas Spring, omi abẹ́ ilẹ̀ tó ti ń rìn bọ̀ lábẹ́ òkúta láti ọ̀nà jíjìn tó wá tú síta níbẹ̀. Ìdí tí oko fi wà níbẹ̀ nìyẹn kó tó di pé ẹnikẹ́ni ronú gọ́ọ̀fù. Àwọn tó ń wa borax, nǹkan funfun bí iyọ̀ tí wọ́n máa ń fi fọṣọ, tí wọ́n ń fi ọ̀wọ́ ìbaaka ogún fà á jáde nínú aṣálẹ̀ láwọn ọdún 1880, àwọn ló dáko síbẹ̀, Greenland Ranch ni wọ́n ń pè é, kí òṣìṣẹ́ lè rí jẹ kí ẹran náà lè rí jẹ. Nígbà tó yá wọ́n gbin dàbínù. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tọ́jú igi dàbínù yẹn ló kọ́kọ́ ṣe ihò mẹ́ta fún gọ́ọ̀fù ní 1927, ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ borax ṣí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá síbẹ̀ torí borax ò mówó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àlejò ni wọ́n wá ń wá. Nígbà tó di 1931 ihò ti di mẹ́sàn-án. 1968 ni William F. Bell, ayàwòrán pápá gọ́ọ̀fù, sọ ọ́ di 18, Perry Dye tóun náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn sì tún un ṣe ní 1997.

Bí koríko ṣe ń mumi wá ńkọ́? Màá fi Las Vegas ṣàpẹẹrẹ torí ìyẹn ni mo mọ ìṣirò ẹ̀ dáadáa. Láti 2024, acre-foot mẹ́rin lomi tí pápá gọ́ọ̀fù lẹ́tọ̀ọ́ sí lórí èéka kan lọ́dún, 6.3 ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gé e kù. Acre-foot mẹ́rin lórí èéka kan túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá da gbogbo omi yẹn lé ilẹ̀ náà lórí lẹ́ẹ̀kan, á jìn tó mítà 1.2. Ẹ lọ wo iye òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Ẹni tó bá gbin koríko sáṣálẹ̀, òjò Ìbàdàn ló ń rà fún un lọ́dọọdún.

Ọmọ_Afọ̀njá:
Ẹ ṣeun sà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbèjà wọn, ẹ wá parí ẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Òjò Ìbàdàn lọ́dọọdún! Màá gbé e sórí status mi.

KádìÀtijọ́:
Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé láìsí koríko kò sí gọ́ọ̀fù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Èmi, kádì ni mí nígbà tí mo wà ní praímárì, bí sùkúù bá ti parí mo ti sá lọ gbé báàgì. Pápá tí mo ti ṣiṣẹ́ ò ní green kankan, ìyẹn ojú koríko gígé tó yí ihò ká, brown ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ lè má mọ brown. Iyanrìn ni wọ́n máa sẹ́, wọ́n á wá po ọ́ílì mọ́tò tó ti dúdú mọ́ ọn kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ, wọ́n á rọ́ ọ mọ́lẹ̀ yípo ihò títí á fi dán. Tí ọ̀gá bá ti gbá bọ́ọ̀lù dé orí ẹ̀, ẹsẹ̀ gbogbo wa á ti tẹ̀ ẹ́ jáganjàgan, kádì ló máa mú pákó pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́ gígùn, á fà á láti ibi bọ́ọ̀lù dé ẹnu ihò kí ọ̀nà lè jọ̀lọ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á wá fi putter tì í. Bọ́ọ̀lù ò ní máa ṣe kọ́ńdọ́-kọ̀ǹdọ̀ lọ sọ́tùn-ún lọ sósì bíi ti orí koríko, ojú ibi téèyàn bá kọ ọ́ sí ló ń lọ. Tí kò bá wọlé, ọwọ́ ọ̀gá ni kò dára, ṣùgbọ́n kádì ni wọ́n máa bú.

Ọ́ílì yẹn kì í kúrò lábẹ́ bàtà bọ̀rọ̀, ìyá mi ò jẹ́ kí n wọ pálọ̀ láé bí mo bá ti pápá dé. Àwọn òyìnbó amúnisìn tó kó gọ́ọ̀fù wá, àwọn náà mọ̀ pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé koríko tí wọ́n fẹ́ ò ní dúró, wọn ò bá ilẹ̀ jà. Kí ló dé tí wọn ò lè ṣe brown ní Death Valley?

Ayọ̀Adelaide:
Ẹ̀gbọ́n Kádì, ẹ wá sí Australia ẹ ò ní padà sílé mọ́ 😂 Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ wa níbí tó ń jẹ́ Coober Pedy, bíi kìlómítà 850 sí Adelaide lápá àríwá, aṣálẹ̀ pátápátá, òkúta opal ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ooru ọ̀hún pọ̀ débi pé inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn gbẹ́ ilé sí, mo wọ ọ̀kan rí, ó tutù nini láìsí AC. Wọ́n ní pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 tí kò sí koríko níbẹ̀, àfi erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́. Brown tí ẹ̀gbọ́n wí yẹn gan-an ni wọ́n ń lò, iyanrìn olóílì, dúdú kirimú. Tí ẹ bá fẹ́ gbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé koríko ike kékeré kan dání, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé bọ́ọ̀lù lé e, ẹ gbá a, ẹ tún ká a ó di ibòmíì. Lásìkò ooru, òru ni wọ́n ń gbá a pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó ń tanná. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n bá St Andrews ní Scotland ṣe àdéhùn pé ọmọ ẹgbẹ́ tibí lè gbá lọ́hùn-ún. St Andrews o, ibi tí wọ́n ń pè ní ilé gọ́ọ̀fù!

Ọ̀tọ̀ tún ni Nullarbor Links. Ilẹ̀ Nullarbor yẹn, níbí ní Australia náà, tẹ́jú gan-an, wọ́n wá tẹ́ ihò 18 lọ lójú títì láti Kalgoorlie dé Ceduna, gbogbo ẹ̀ kìlómítà 1,365. Ẹ gbá ihò kan níwájú ilé epo, ẹ wọ mọ́tò, ẹ wà á fún wákàtí kan, ẹ gbá èkejì. 2009 ni wọ́n ṣí i kí oorun má bàa máa gbé àwọn awakọ̀ lójú ọ̀nà tóóró yẹn, kí àwọn àlejò náà sì máa dúró náwó láwọn abúlé ojú ọ̀nà.

KádìÀtijọ́:
Mo ní kí n dákẹ́ ni, Ayọ̀ ò jẹ́. Ṣé ẹ rí i? Òkìkí pápá ò sí nínú koríko.

AdéVegas:
Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi kò lọ Australia o, físà Amẹ́ríkà ni wọ́n gbà 😅 Àǹtí Phoenix, ẹ ní ẹ máa padà wá sọ ti ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo ń retí yín.

ÌyáTọ́pẹ́_Phoenix:
Mo ti dé. Ọmọ Afọ̀njá, ẹ fetí sílẹ̀ ẹ̀yin náà.

Pápá tó ní òkè àti àfonífojì, òkè yẹn gan-an ló ń ràn ẹ́ lọ́wọ́. O rí i pé green wà nísàlẹ̀, o mọ̀ pé kó o gbá a jẹ́jẹ́. O rí i pé gegele wà lósì, o mọ̀ pé bọ́ọ̀lù á yí sọ́tùn-ún. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kò sí nǹkan kan tó máa sọ fún ojú ẹ bí ibi tó ń lọ ṣe jìnnà tó. Bunker, kòtò oníyanrìn, tó wà níwájú green lójú ẹ dà bíi pé ó fara ti ẹnu ihò, o dé ibẹ̀ o rí i pé ogún yáàdì ló wà láàárín wọn. Ti Furnace Creek tún burú sí i torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ kedere, àwọn òkè Panamint sì wà lẹ́yìn lọ́wọ́ ìwọ̀ oòrùn, Telescope Peak nínú wọn ga tó mítà 3,368, téèyàn bá gbójú sókè wo irú nǹkan báyẹn lẹ́yìn àsíá green, gbogbo nǹkan á jọ pé ó wà nítòsí. Bàbá Tọ́pẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kúrú níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, igi gọ́ọ̀fù tó yẹ kó mú ò wọ̀ ọ́ lójú, bẹ́ẹ̀ mo ń sọ fún un o.

Tamarisk ni wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fairway (ọ̀nà koríko tó lọ síbi ihò), igi tó di pọ̀ kítikìti, bọ́ọ̀lù tó bá wọ abẹ́ ẹ̀ kí ẹ kàn máa dágbére fún un ni. Tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ lọ́sàn-án, kò sí òkè tó máa dá a dúró lórí pápá yẹn.

Ti orí green ńkọ́? Ó tẹ́jú lójú, kò tẹ́jú lẹ́sẹ̀. Àwọn ará agbègbè Palm Springs, níbi tí pápá gọ́ọ̀fù ti lé ní ọgọ́rùn-ún nínú aṣálẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń yí lọ sápá ìlú Indio, torí apá ibẹ̀ ni ilẹ̀ ń dà sí díẹ̀díẹ̀ tí ojú ò rí i. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín bi ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì léèrè pé apá ibo ni ilẹ̀ dà sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àti pé ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, orúnkún àwọn bàbá yẹn á dúpẹ́. Èmi níbí, Encanto tó jẹ́ ti ìlú Phoenix ni mo ti máa ń gbá, láti 1935 ló ti wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bákan náà, àwọn bàbá tó lé ní ọgọ́rin ọdún ń fẹsẹ̀ rìn ín tàwọn ti báàgì tí wọ́n ń tì. Owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kì í ṣe ti olówó, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, tíṣà, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, gbogbo wa la jọ ń gbá a. Ìyẹn náà wà lára adùn ẹ̀, Ọmọ Afọ̀njá.

Físíìsì_Tíṣà:
Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: bọ́ọ̀lù ò ní lọ jìnnà níbẹ̀. Las Vegas ga tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 2,000 sókè ojú òkun, Furnace Creek wà ní 214 nísàlẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn lé ní 2,200. Bí ilẹ̀ bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń ki tó, bó bá sì ṣe ki tó ló ṣe ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn tó. Ìṣirò tí àwọn onígọ́ọ̀fù ń lò ni ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbá igba yáàdì ní Vegas, kó máa retí bíi 191.

KádìÀtijọ́:
Tíṣà, ooru ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé bọ́ọ̀lù máa ń fò nínú ooru. Ibi tó gbóná jù láyé lẹ wá ń sọ pé bọ́ọ̀lù ò ní lọ?

Físíìsì_Tíṣà:
Òótọ́ lẹ sọ, sà, ẹ ṣáà jẹ́ ká wo àkókò tí wọ́n ń lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà ní 40 Celsius fúyẹ́ ju èyí tó wà ní 20 lọ bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Rírẹlẹ̀ tí ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ ò kún un ju bíi ìdá kan ṣoṣo péré, kò tó ìyẹn gan-an. Torí náà lóṣù Keje ooru ló borí, bọ́ọ̀lù á fò. Ṣùgbọ́n December ni wọ́n ń lọ, 18 Celsius, níbi tó jẹ́ pé Ìbàdàn tí wọ́n ti ń bọ̀ ga tó mítà igba sókè ojú òkun tó sì máa ń wà ní bíi 30 lọ́sàn-án. Ibi tó rẹlẹ̀ sí tiwọn, tó tún tutù ju tiwọn, méjèèjì ló máa gé bọ́ọ̀lù wọn kúrú. Kí wọ́n mú igi gọ́ọ̀fù tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sí i, ìyẹn èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ fi ẹyọ kan kéré, bó bá jẹ́ iron méje ni wọ́n fẹ́ mú, kí wọ́n mú mẹ́fà.

KádìÀtijọ́:
Kádì tó mọ ọ̀gá ẹ̀ ò nílò gbogbo ìṣirò yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mo ti mọ̀ pé tí ọyẹ́ bá dé kí n yọ igi tó gùn fún ọ̀gá.

Físíìsì_Tíṣà:
Nǹkan kan náà la sọ nìyẹn o, sà!

Bísí_Oakland:
Mo ti ń kà á láti òkè, borax, hòtẹ́ẹ̀lì, Bell, Dye. Ẹnikẹ́ni ò sọ ti onílẹ̀. Àwọn Timbisha Shoshone ló ń gbé létí orísun omi yẹn kí oníborax kankan tó débẹ̀, igi mesquite tí omi yẹn ń fún lágbára ni wọ́n ń ká èso ẹ̀ tí wọ́n ń lọ̀ jẹ. 1933 ni ìjọba Amẹ́ríkà ya ibẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n wá sọ ọ́ di national park ní 1994, inú gbogbo ẹ̀ àwọn onílẹ̀ ò ní ìwé ilẹ̀ kankan lọ́wọ́. Ọdún 2000 ni òfin tó wá dá ilẹ̀ padà fún wọn, èéka bíi 7,754 lápapọ̀, èyí tó wà ní Furnace Creek gan-an nínú ẹ̀ jẹ́ 314. Abúlé wọn ò jìnnà sí pápá gọ́ọ̀fù yìí rárá. Nígbà tí ẹ bá ń ṣèṣirò pé ta ló ni omi, ẹ fi wọ́n kún un.

Ọmọ_Afọ̀njá:
Àǹtí Bísí, ẹ ṣé o. Èyí wọ̀ mí lára ju ti òjò Ìbàdàn lọ.

Bàbá_Olómi:
Ọ̀rọ̀ Bísí ṣe pàtàkì. Omi orísun kan náà ni park ń mu, òun ni hòtẹ́ẹ̀lì ń mu, òun ni abúlé àwọn Timbisha ń mu, kì í ṣe pé ọ̀kan wà fún gọ́ọ̀fù lọ́tọ̀. Igi tamarisk tí ìyá Tọ́pẹ́ mẹ́nu bà yẹn náà, kì í ṣe igi ibẹ̀, wọ́n kó o wá láti ìlú òkèèrè torí pé ó ń dá atẹ́gùn dúró, ó ń mumi kíkankíkan, ewé ẹ̀ sì ń yọ iyọ̀ sórí ilẹ̀.

Iyọ̀ ni ọ̀tá pápá aṣálẹ̀, ju ooru lọ. Omi tó bá ti inú òkúta wá ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, ẹ bomi rin koríko, oòrùn fa omi lọ, iyọ̀ ṣẹ́kù. Tó bá pọ̀ jù, gbòǹgbò ò ní lè fa omi mọ́. Wọ́n ní láti máa da omi àlékún lé e kó lè fọ iyọ̀ yẹn wọlẹ̀ kọjá gbòǹgbò. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, omi yẹn ò mọ ibi tó máa ṣàn gbà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe pápá lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ fi máa ń gbẹ́ adágún, tí wọ́n á fi erùpẹ̀ inú ẹ̀ gbé green sókè díẹ̀. Bermuda ń fara da iyọ̀ àti ooru dáadáa, koríko tó jẹ́ pé Áfíríkà lọ́hùn-ún ló ti wá, ẹ wo bí ayé ṣe rí.

Àti pé tí ẹ bá rò pé òjò ò lè bà wọ́n nínú jẹ́, lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2023, nígbà tí ìjì Hilary dé, mílímítà 56 ló rọ̀ ní Furnace Creek lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òjò ọdún kan lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà já, wọ́n ti gbogbo park pa títí di àárín oṣù Kẹwàá, adágún wá yọ ní Badwater níbi tí iyọ̀ nìkan máa ń wà, àwọn èèyàn gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ síbẹ̀.

ÌyáTọ́pẹ́_Phoenix:
Bàbá, bermuda yẹn náà, kí wọ́n má retí àwọ̀ ewé tútù gbogbo ìgbà o. Níbí ní Phoenix, tí otútù bá ti dé ó ń sùn ni, á pupa bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Pápá tó bá lówó á gbin ryegrass, koríko ìgbà otútù, sórí ẹ̀ ní ìparí September sí October, wọ́n á ti pápá pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè hù, omi tó ń gbà nígbà yẹn ò kéré. Àwọn kan ti ń fi í sílẹ̀ báyìí kó pupa, kò sí ohun tó ń ṣe gbígbá ẹ̀, kódà bọ́ọ̀lù ń yí lọ dáadáa lórí ẹ̀ sí i. Àwọn àlejò tó ń wá láti ìlú otútù ló máa ń ráhùn torí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò.

AdéVegas:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ òjò Ìbàdàn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "ẹ̀ẹ̀kan péré la ó gbá a." Ti brown, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn náà gbá a nígbà tí wọ́n ń ṣe agùnbánirọ̀ lápá òkè ọya. Ti iron mẹ́fà dípò méje, wọ́n ní kí Tíṣà lọ jókòó, àwọn mọ agbára àwọn 😂 Ó dájú pé a ń lọ. Kí ni kí n mọ̀ nípa ọ̀nà?

ÌyáTọ́pẹ́_Phoenix:
Ẹ gba Pahrump, ẹ kún epo síbẹ̀ torí epo inú Death Valley wọ́n gan-an. Ẹ máa kọjá ní Death Valley Junction, ẹ wo ilé Amargosa Opera House níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló wà. Fóònù yín ò ní máa gba nẹ́tíwọ̀kì ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́nà, ẹ ti dáwúnlóòdù máàpù sílẹ̀ láti ilé. Ẹ mú omi dání bó tilẹ̀ jẹ́ December. Coyote máa ń rìn káàkiri ibẹ̀, ó jọ ajáko, kò ní ṣe yín ní nǹkan, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí ẹ máa sọ̀rọ̀, ọ̀kan gbé ti bàbá Tọ́pẹ́ lọ níṣojú wa.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú máàpù, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ má tẹ Devil's Golf Course. Ìyẹn wà lápá gúúsù ibẹ̀, kì í ṣe pápá gọ́ọ̀fù, iyọ̀ ni gbogbo ẹ̀, ó le bí òkúta, ó rí ṣáṣáṣá, téèyàn bá ṣubú sórí ẹ̀ ara á ya. Ìwé atọ́nà kan tí wọ́n ṣe ní 1934 ló kọ ọ́ pé èṣù nìkan ló lè gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀, orúkọ yẹn ló lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní.

Ọmọ_Afọ̀njá:
Ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ti gbá a. Kò gba omi.

KádìÀtijọ́:
Adé, mo fẹ́ bi ẹ́ léèrè. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ pé pápá gbogboogbò ní Amẹ́ríkà kì í sábà ní kádì? Ará Ìbàdàn tí kò gbé báàgì ara ẹ̀ rí látọjọ́ tó ti ń gbá gọ́ọ̀fù, ta ló máa wá bọ́ọ̀lù lábẹ́ igi tamarisk yẹn fún un? Ta ló máa yọ igi gọ́ọ̀fù? Ta ni wọ́n máa bú tí bọ́ọ̀lù bá kúrú?

AdéVegas:
Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi vóìsì ránṣẹ́ báyìí pé kí n ra bàtà tó dáa sílẹ̀ fún ara mi.